Lẹ́ńsì 50mm f/0.95, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà mi, àti ọmọ iṣẹ́ tó gbà mí sílẹ̀

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ló mú mi jókòó kọ èyí. Kì í ṣe ₦340,000 tí mo fi ra lẹ́ńsì náà. Ìyẹn, ọwọ́ ara mi ni mo fi kà á, mo sì mọ ohun tí mo ń rà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí ọkùnrin kan gbà lọ́wọ́ mi pé òun fẹ́ tú ohun tí kò bàjẹ́ ló ń dùn mí títí di òní.

Lẹ́ńsì náà jẹ́ 50mm, f/0.95 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń là tó, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé tó), ó ń wọ ojú kámẹ́rà Sony, ọwọ́ lèèyàn fi ń yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀. Kámẹ́rà mi ni Sony A6400, tòkunbọ̀, mo ti lò ó fún bí ọdún kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ yẹn sọ́kàn. Ìyókù wà lára páálí, ẹ lọ kà á níbẹ̀.

Ọjọ́rú ni mo rà á, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé kan tí kò jìnnà sí Balógun, ní Erékùṣù Èkó. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà ń gbé mi gẹ̀gẹ̀ bí ọkọ ìyàwó. Ó bu omi tútù fún mi, ó ń pè mí ní "bàbá fọ́tò". Ó so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà tirẹ̀, ó ya èmi, ó ya fáànù, ó ya ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ obìnrin kan tó ń nu gíláàsì. Nínú fọ́tò ọmọ yẹn, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, gbogbo nǹkan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti yọ́ bí òrí tí oòrùn pa. Mo sanwó kíákíá, kí ẹlòmíràn má baà wọlé wá rà á mọ́ mi lójú.

Mo dé ilé ní Ṣómólú, mo so ó mọ́ kámẹ́rà mi, mo tẹ ṣọ́tà. Kò dún. Mo tún un tẹ̀. Àwòrán ń hàn lójú síkírínì o, mo ń rí bẹ́ẹ̀dì mi, mo ń rí bàtà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ní òun ò rí lẹ́ńsì kankan níwájú òun, òun ò sì ní ya nǹkan kan. Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún un so. Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo gbàdúrà. Mo ní iṣẹ́ òwàǹbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ti fi lẹ́ńsì yìí fọ́nnu fún àwọn ẹbí ọlọ́jọ́ìbí.

Kó tó di agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ti wà níwájú ọ̀gá. Ẹ̀wà àgànyìn àti búrẹ́dì ló ń jẹ. Kò gbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. Lẹ́ńsì àná yẹn ò ṣiṣẹ́ o."

"Lẹ́ńsì wo?"

Lẹ́ńsì wo! Ẹni tó bu omi tútù fún mi lánàá.

Ó fi ṣíbí tọ́ka sí ìwé kan lára ògiri: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Epo kán sílẹ̀ láti ẹnu ṣíbí náà sórí páálí bátìrì ẹnì kan. Ó ní kí n má lọ já nǹkan lulẹ̀ nílé kí n wá gbé e wá bá òun. Mo ní kò já lulẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e. Ó tún dún, ó tún gbé e. Ìpè mẹ́ta ni mo dúró gbọ́ lórí ìdúró, ọ̀kan nínú wọn dá lórí ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ló gba lẹ́ńsì lọ́wọ́ mi, ó gbọ̀n ọ́n létí bí ẹni ń wo àgbọn, ó ní nǹkan kan ti yẹ̀ nínú rẹ̀. Òun á tú u. ₦5,000.

Mo san án. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, mo gbà.

Ogójì ìṣẹ́jú ló fi wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Aago wà lókè orí mi, mo ń kà á. Mi ò gbọ́ ìró irinṣẹ́ kankan. Ohun tí mo ń gbọ́ ni ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù láti inú fóònù, àti ẹ̀rín ọ̀gá. Nígbà tó jáde, ó so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà tirẹ̀, ó yà á, ó dún. "Ṣé ẹ rí i?" Mo so ó mọ́ tèmi. Kò dún. Kò tijú rárá. Ó wo kámẹ́rà mi yípo, ó ní, "Kámẹ́rà yín ló ti kú. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè gbà á ní 150,000, kí n máa tú u tà."

Ojú mi ṣú. Mo kó ẹrù mi, mi ò dágbére.

Mo ti dé ààrin àtẹ̀gùn nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ni, ó mú aṣọ ìnugíláàsì dání. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ n wo mẹ́nù yín." Ó yọ lẹ́ńsì, ó dojú ẹ̀yìn rẹ̀ kọ mí. "Ẹ wò ó. Kò sí ojú bàbà wẹ́wẹ́ kankan níbí. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà yín wá ní in, òun ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Eléyìí ò lè sọ̀rọ̀. Kámẹ́rà yín rò pé ihò lásán ló wà níwájú òun, ẹni tó sì ní i kí ẹ tó rà á ti pàṣẹ fún un pé kó má yàwòrán bí kò bá rí lẹ́ńsì." Ó tẹ mẹ́nù, ó lọ, ó lọ, ó dé ibi tí wọ́n kọ "Release w/o Lens" sí, ó yí i láti Disable sí Enable. Ó dá a padà fún mi.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún.

Ìdí tí lẹ́ńsì náà fi ń dún lórí kámẹ́rà ọ̀gá nìyẹn: tirẹ̀ ti wà ní Enable. Ṣé kò mọ̀ ni, àbí ó mọ̀? Mo ti rò ó títí, ibi méjèèjì ò dáa.

Mo fún ọmọ náà ní ₦2,000, kò gbà á. Ó ní kí n ṣáà má sọ fún ọ̀gá. Nítorí náà ni mi ò fi dárúkọ ṣọ́ọ̀bù níbí, mo sì ti yí nǹkan méjì mẹ́ta padà nínú ìtàn yìí kí wọ́n má baà dá a mọ̀. Lórí àtẹ̀gùn yẹn, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó kọ́ mi ní ohun tí mi ò rí kọ́ nínú gbogbo fídíò tí mo ti ń wò. Ó tan àwọ̀ pupa tó máa ń yọ sí etí ohun tó bá wà nínú fókọ́ọ̀sì, ó sì ní kí n má gbà á gbọ́ bí lẹ́ńsì bá wà ní 0.95, nítorí ó máa ń fi pupa kun ibi tí kò tíì mọ́ dáadáa. Kí n fẹ ojú ẹni náà tóbi lójú síkírínì, kí n yí òrùka débi tó bá mọ́, kí n wá fi òrùka sílẹ̀. "Bó bá ti kù díẹ̀, ẹ má yí i mọ́. Ara yín ni kí ẹ máa tì síwájú-sẹ́yìn." Ó ń ṣe é fún mi, ó ń mì bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn aláàárù sì ń yà fún wa kọjá pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì. Irin ni gbogbo ara rẹ̀, ó wúwo, ọrùn mi mọ̀ ọ́n. Lórí kámẹ́rà bíi tèmi, ohun tó ń gbà wọlé dà bí ti 75mm, ìyẹn ni pé ó ń fa nǹkan súnmọ́ni ju 50mm lọ, èyí tó dáa fún ojú èèyàn ṣùgbọ́n tí kò bá àdúgbò tóóró mu. F/0.95 fúnra rẹ̀ kì í ṣe nǹkan àná. Canon ti ṣe 50mm f/0.95 ní 1961, Leica náà gbé tirẹ̀ jáde ní 2008, ti Leica sì lè ra mọ́tò. Ohun tó yí padà ni pé àwọn ará Ṣáínà ti sọ ọ́ di ohun tí onífọ́tò Ṣómólú lè dá àjọ rà.

Òwàǹbẹ̀ ọjọ́ Sátidé wáyé ní Ìta Fájì, ìyá àgbà kan ló pé 80. Wọ́n dí òpópónà, wọ́n ta kánópì. Kí n má parọ́, wákàtí méjì àkọ́kọ́, mo ṣépè fún ara mi. Ìyá jó wọlé pẹ̀lú àwọn ọmọ, èmi sì ń yí òrùka bí ẹni ń wá ilé-iṣẹ́ rédíò. Bí èèyàn bá wà ní mítà kan síwájú yín ní 0.95, ohun tó máa mọ́ kò ju bíi sẹ̀ńtímítà kan àbọ̀ lọ. Ẹni tó ń jó ò dúró sínú sẹ̀ńtímítà kan àbọ̀. Mo ní fọ́tò gèlè tó mọ́ ketekete tí ojú tó wà lábẹ́ rẹ̀ dà bí ìkúùkù. Mo ń fà sẹ́yìn kí ẹbí lè gbà sínú fọ́tò, mo fi ẹ̀yìn gbá kúlà ìrẹsì, ìyá aláṣè sì sọ sí mi lára. Mo yọ ọ́, mo fi lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá ṣe ìyókù ijó. Òótọ́ nìyẹn: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òde, tó sì ní lẹ́ńsì yìí nìkan, ebi máa pa á.

Agogo mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, NEPA mú iná. Jẹnẹrétọ̀ gbéra, ó wúkọ́, ó kú. Ọmọ tí wọ́n rán lọ ra epo ò tíì dé. Gìtá dákẹ́, makirofóònù dákẹ́. Onígángan nìkan ni kò dákẹ́, torí gángan ò lo iná, ó wá dà bí ẹni pé òun gan-an ló ti ń dúró de àkókò yẹn. Àwọn èèyàn tan iná fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo rántí ohun tó wà nínú àpò mi.

Ìyá jókòó sórí àga wọn, wọ́n ti tú bàtà. Àwọn ọmọ-ọmọ méjì tan fóònù sí wọn. Wọ́n kó àwọn àpò ìwé tí àwọn èèyàn fi owó sí fún wọn lé itan (EFCC, ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò ná owó lórí ẹnikẹ́ni), wọ́n ń ya wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi itọ́ sí ìka, wọ́n sì ń ka owó. Wọn ò wo ẹnì kankan. Wọn ò mira. Mo kúnlẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan àbọ̀. Mo fẹ ojú wọn tóbi, mo rí ìpéǹpéjú, mo fi òrùka sílẹ̀, mo wá ń mì síwájú-sẹ́yìn bí ọmọ yẹn ti kọ́ mi. ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ tó) 1600 ni mo wà, ṣọ́tà 1/125 ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà mi wá kò lè là ju 5.6 lọ ní 50mm, ìmọ́lẹ̀ tí èyí ń gbà wọlé fi nǹkan bí ìlọ́po 34 ju tirẹ̀ lọ. Ká ní òun ló wà lára kámẹ́rà ni, ISO tó lé ní 50,000 ni mi ò bá lò, fọ́tò á sì rí bíi gààrí. Èyí dán bí ẹ̀kọ tútù. Ojú ìyá mọ́, ìka tó ń ka owó mọ́, gbogbo iná fóònù tó wà lẹ́yìn wọn sì di róbótó-róbótó wúrà.

Mo ya mẹ́tàdínlógún kí jẹnẹrétọ̀ tó jí. Mẹ́rin ló dúró. Ní Ọjọ́ Ajé, ẹbí ní kí n tẹ ọ̀kan tóbi kí wọ́n fi kọ́ pálọ̀, wọ́n sì san owó rẹ̀ láì ná mi. Ọmọ-ọmọ kan nìkan ló ní ojú òsì ìyá kò mọ́ tó ojú ọ̀tún. Òótọ́ ló sọ. Ìyá yí orí díẹ̀, ojú kejì ti jáde kúrò nínú fókọ́ọ̀sì.

Ohun mìíràn tí kò dùn mọ́ mi: lára aṣọ funfun àti léèsì olókùúta, etí ibi tó bá ń tàn máa ń yọ àwọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ àlùkò, mo sì ń fi kọ̀ǹpútà nù ún. Níbi tó yẹ kí kámẹ́rà kọ f sí, ìlà méjì ló ń fà, nítorí náà ẹ lọ máa kọ ọ́ sí ìwé bí ẹ bá fẹ́ mọ iye tí ẹ lò. Ní ọ̀sán gbangba, ní Marina, kò ṣeé lò ní 0.95 rárá. Oòrùn yẹn ń bèèrè ṣọ́tà tó tó 1/28,000 ní ISO 100, ti kámẹ́rà mi ò kọjá 1/4000. Àfi kéèyàn fi gíláàsì dúdú bo ojú rẹ̀.

Gíláàsì dúdú yẹn ló tún gbé mi padà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, torí wọn nìkan ni mo rí tó ní ìwọ̀n rẹ̀. Ọ̀gá dìde, ó bu omi tútù. "Bàbá fọ́tò!" Ó ti gbàgbé mi pátápátá. Ọmọ iṣẹ́ náà ń nu gíláàsì, kò wo ojú mi. Mo san ₦12,000 gíláàsì, mo wá rọra bèèrè ẹgbẹ̀rún márùn-ún mi. Ó ní, "Owó iṣẹ́ nìyẹn. Ṣebí lẹ́ńsì ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

Mo mu omi náà tán.

Máàkì mi: 4 nínú 10. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá ₦5,000 mi padà, mo máa sọ ọ́ di 9.