Jey Uso ló ni ìtàn Bloodline: èrò mi lẹ́yìn tí mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wo ìtàn Bloodline tán, ìyẹn ìtàn ẹgbẹ́ ẹbí Roman Reigns nínú WWE, ìjàkadì orí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni mo ń tẹ̀ lé e. Nígbà kejì, mo jókòó tì í, mo wò ó tẹ̀léra-tẹ̀léra láti ètò Payback ọdún 2020 tí Roman gba Universal, bẹ́líìtì tí wọ́n ń fún olúborí, títí dé WrestleMania 40, ètò WWE tó tóbi jù, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Cody Rhodes gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 1,316. Roman ni wọ́n ya àwòrán rẹ̀ gàdàgbà sára pátákó, àmọ́ Jey Uso, ìbátan rẹ̀, ni gbogbo nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí.

Ẹ padà lọ wo ètò Hell in a Cell ọdún 2020, níbi tí Roman ti bá Jey jà. Nínú ìjà "I Quit" ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jáwọ́ ló pàdánù. Roman na Jey nínà ẹ̀tẹ́, Jey kọ̀, kò sọ ọ́. Jimmy tí òun àti Jey jọ jẹ́ ìbejì wọlé wá bẹ̀bẹ̀. Ni Roman bá bú sẹ́kún bí ẹni tí ojú ti, Jimmy na ọwọ́ sí i, ló bá fún Jimmy lọ́rùn mọ́lẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni Jey jáwọ́. Lẹ́yìn náà, Sika, bàbá Roman, àti Afa, ẹ̀gbọ́n Sika, jáde wá pàdé Roman, wọ́n fi ẹ̀gbà òdòdó kọ́ ọ lọ́rùn. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi ti gbọgbẹ́: àwọn àgbà ilé ló fọwọ́ sí ìwà ìkà yẹn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ní láti ṣàlàyé fún mi ìdí tí Jey fi ń sin Roman.

Nígbà tí Sami Zayn, tí kì í ṣe ìbátan wọn, wọ inú ẹgbẹ́ náà ní 2022, Jey ló kórìíra rẹ̀ jù. Síbẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbé Sami síwájú ìgbẹ́jọ́, Jey kan náà ló dìde gbèjà rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn ìyẹn, ní Royal Rumble, Roman gbé àga irin lé Sami lọ́wọ́ pé kó fi lu Kevin Owens ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti so mọ́ okùn. Sami fi àga náà lu ẹ̀yìn Roman. Àwọn yòókù ṣù bo Sami, Jey sì rìn jáde tomijétomijé. Mi ò tíì rí ohun tó dára tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn nínú ìjàkadì orí tẹlifíṣàn.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń kọ ìtàn náà wá ṣe ohun tó ń dùn mí títí di òní. Ní Elimination Chamber tó wáyé ní Montreal, ìlú Sami fúnra rẹ̀, Jey tún yọjú níbi ìjà Roman àti Sami fún bẹ́líìtì, ó dúró láàárín àwọn méjèèjì. Roman ní kó gba àga, kó fi lu Sami. Gbogbo wa ń dúró de ìpinnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sami sáré wá, ó ṣèèṣì fi èjìká gbá Jey ṣubú, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Pé Sami kò gba bẹ́líìtì, mo lè fara mọ́ ọn. Àmọ́ ìpinnu Jey ni a ti ń retí láti ọdún 2020, wọ́n sì jẹ́ kí èèṣì pinnu fún un.

Mo gbà pé wọ́n sanwó rẹ̀ díẹ̀ ní London ní oṣù keje, nígbà tí Jey mú ẹ̀yìn Roman kanlẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní SummerSlam, Jimmy dalẹ̀ ìkejì rẹ̀, ó ní ìfẹ́ ló sún òun ṣe é, kí Jey má bàa di Roman mìíràn. Ìdí tó lágbára ni, ká ní wọ́n lò ó. Nígbà tí ìbejì méjèèjì wá kojú ara wọn ní WrestleMania 40, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ta mọ́ ara wọn ṣáá. Ìjà náà sú mi.

Ti Cody, mo yìn wọ́n. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó fi àyè rẹ̀ láti bá Roman jà ní WrestleMania 40 sílẹ̀ fún The Rock, òṣèré fíìmù tó jẹ́ oníjàkadì tẹ́lẹ̀, àwọn olólùfẹ́ yarí, kò sì tó ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n yí i padà, tí wọ́n sọ The Rock di ọ̀tá. Wọ́n lo ìbínú wa.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, wọ́n gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn. John Cena, tí àwọn èèyàn ti mọ̀ sí ẹni rere tipẹ́, di ẹni ibi ní Toronto, The Rock ló juwọ́ sí i pé kó kọlu Cody. Nígbà tí Cena máa ṣàlàyé, àwọn òǹwòran ló dá lẹ́bi. The Rock kò sì yọjú sí WrestleMania 41 tí Cena ti gba bẹ́líìtì kẹtàdínlógún. Kí SummerSlam tó dé, Cena ti padà di ẹni rere. Mo wò ó tán, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n fi rà á.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wo Bloodline, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Hell in a Cell yẹn. Tí ẹ bá dé Royal Rumble 2023, tí Sami bá gbé àga sókè, ojú Jey ni kí ẹ máa wò.