Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Nínú Ẹ̀kọ́ Nípa Ètò Ààbò àti Ìlera Lẹ́nu Iṣẹ́

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó sì gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ mọ bí orílẹ̀-èdè ṣe ń gbé ètò ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́ kalẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wà nínú ìgbìmọ̀ ààbò gẹ́gẹ́ bí aṣojú òṣìṣẹ́, mo sì ti rí ibi tí agbára irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ. A lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi irin bo ẹnu ẹ̀rọ tí ó ń gé ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí òfin kò bá sí lẹ́yìn wa, tí kò sì sí olùbẹ̀wò tí yóò wá wò ó, ẹ̀bẹ̀ náà kò ní kúrò ní ẹ̀bẹ̀.

Àdéhùn nọ́ńbà 187 lórí ètò ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́, tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, fọwọ́ sí ní ọdún 2006, ni wọ́n gbé ẹ̀kọ́ náà kà. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé láti oṣù kẹfà ọdún 2022 ni àdéhùn yìí àti nọ́ńbà 155 ti ọdún 1981 ti wà lára àwọn àdéhùn ìpìlẹ̀ tí gbogbo orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún ìlànà inú wọn, títí kan èyí tí kò tíì buwọ́ lù wọ́n. Olùkọ́ náà ya ohun mẹ́ta tí a sábà máa ń dà pọ̀ sọ́tọ̀. Ìlànà ni ohun tí orílẹ̀-èdè sọ pé òun fẹ́. Ètò ni òfin, ọ́fíìsì, àwọn olùbẹ̀wò àti ìgbìmọ̀ inú ilé iṣẹ́ tí yóò mú un ṣẹ. Iṣẹ́ alákòókò sì ni èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe láàárín iye ọdún kan, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí a lè fi mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é tàbí wọn kò ṣe é. Orílẹ̀-èdè tí ó tẹ ìlànà jáde tí kò gba olùbẹ̀wò síṣẹ́ dà bí ẹni tí ó kọ lẹ́tà tí kò fi ránṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbádùn jù lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí iná tí ó jó ilé iṣẹ́ aṣọ Triangle ní New York lọ́dún 1911, nínú èyí tí òṣìṣẹ́ 146 ti kú, wọ́n sì dúró pẹ́ lórí Rana Plaza ní Bangladesh, ilé tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ wà nínú rẹ̀, tí ó wó ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, tí ó sì pa ènìyàn tí ó ju 1,100 lọ. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ni wọ́n ti rí i pé ògiri ilé náà ń sán. Ilé ìfowópamọ́ tí ó wà nínú ilé kan náà kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ padà wá, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn tí ń rán aṣọ wọlé. Ìgbà tí olùkọ́ ka abala 13 nínú Àdéhùn 155 lé ìtàn yìí ni mo tó mọ ìwúwo rẹ̀: òṣìṣẹ́ tí ó bá ní ìdí gúnmọ́ láti gbà pé ewu ńlá wà nítòsí fún ẹ̀mí tàbí ìlera rẹ̀ lè fi ibẹ̀ sílẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí bẹ́ẹ̀. Mo ti ka abala náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé ó lè dá ẹgbẹ̀rún ènìyàn dúró sí ìta.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n fún wa ni pé kí oníkálukú kọ àkọsílẹ̀ ipò tí ọ̀rọ̀ wà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀: ta ni aláṣẹ, olùbẹ̀wò mélòó ni ó wà, òfin wo ló ń ta ko èwo, ibo ni ìròyìn ìjàm̀bá ń lọ. Iṣẹ́ yìí nìkan tó ohun tí ènìyàn fi lè forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, mo ti rí i pé ọ́fíìsì mẹ́ta ni ó ń gba ìròyìn nípa ìjàm̀bá ibi iṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọn kò sì tíì fi ìwé wọn wé ara wọn rí.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti já mi kulẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àìsàn. Ìṣirò ILO fúnra rẹ̀ ni pé ó tó mílíọ̀nù mẹ́ta ènìyàn tí iṣẹ́ ń ṣe ikú pa lọ́dọọdún, àti pé àìsàn ni ó ń pa èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn, kì í ṣe ìjàm̀bá. Síbẹ̀, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi kọ́ wa bí a ṣe ń wádìí ìjàm̀bá, fídíò kan ṣoṣo ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀ fún àìsàn. Eruku òkúta lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó hàn, nígbà tí òṣìṣẹ́ náà yóò ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí dókítà tí ó ń tọ́jú rẹ̀ kò sì ní bi í pé iṣẹ́ wo ni ó ti ṣe rí. Bí kò bá sí ìbéèrè yẹn nínú ìwé ilé ìwòsàn, kò ní sí iye tí a lè kà, ilé aṣòfin kò sì ní fi owó sí ohun tí kò ní iye. Bí dókítà ṣe lè di apá kan ètò náà gan-an ni mo retí kí wọ́n kọ́ wa.

Àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké àti àwọn tí ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe náà kò rí ààyè tó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Àdéhùn 187 dárúkọ wọn. Níbi tí ènìyàn mẹ́ta ti ń ṣiṣẹ́, kò sí ìgbìmọ̀ ààbò, agbára káká sì ni olùbẹ̀wò fi lè débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́wàá. Ó dùn mí pé ìpínrọ̀ méjì péré ni wọ́n kọ nípa wọn.

Ní ti bí wọ́n ṣe ṣe é, àwọn fídíò kò gùn, ènìyàn lè tọ́jú ìwé kíkà sórí fóònù, olùkọ́ sì máa ń dáhùn ìbéèrè láàárín ọjọ́ méjì. Ìdánwò ìparí kò lágbára, nítorí pé ọdún tí wọ́n ṣe àdéhùn ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n béèrè. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ó pọ̀ jù láàárín wa, agbanisíṣẹ́ méjì péré ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbà á, kí ó gbìyànjú láti mú ẹnìkan láti ìhà kejì tábìlì dání, nítorí pé ìjíròrò tí àwọn agbanisíṣẹ́ méjì yìí bá wa ṣe lórí ẹni tí yóò sanwó ìbọ̀wọ́ àti ìbomú ni ó kọ́ mi ju ìwé lọ. Abala 21 nínú Àdéhùn 155 ni a fi parí rẹ̀: òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ náwó kankan lórí ìgbésẹ̀ ààbò.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Mo ti kọ̀wé sí wọn nípa ọ̀rọ̀ àìsàn yìí, wọ́n sì dáhùn pé àwọn yóò fi orí kan kún un. Bí wọ́n bá ti gbé e jáde, màá padà wá gba apá yẹn.