Kọmíṣọ̀n onípáṣẹ́ńtì àbí owó pàtó?

Tẹ́ ẹ bá ń fi líǹkì polówó ọjà fún iléeṣẹ́ kan, wọ́n lè san ìdá kan nínú owó ọjà fún yín, tàbí iye kan pàtó. Ẹ wo ti ìdá ná: Amazon máa ń san 4.5% lórí ìwé títẹ̀. Bí ẹnìkan bá gba orí líǹkì yín ra ìwé $20, sẹ́ǹtì 90 ló kàn yín. Ẹ má ka owó ìfijíṣẹ́ àti owó orí mọ́ ọn. Bí ó bá dá ìwé náà padà, wọ́n á yọ kọmíṣọ̀n yín. Wákàtí 24 péré sì ni líǹkì náà fi ń ṣiṣẹ́, àfi tó bá ti ju ọjà sápẹ̀rẹ̀ kó tó pé.

Owó pàtó rọrùn: ká ní $5 lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó gba orí líǹkì yín forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ kan, ó tán. (Ẹ ṣáà ka àdéhùn wọn dáadáa; àwọn kan ò ní san kọ́bọ̀ àfi tónítọ̀hún bá sanwó.) Lórí ìwé $20 yẹn, èèyàn mẹ́fà gbọ́dọ̀ rà kẹ́ ẹ tó rí $5. Fún ọjà pọ́ọ́kú, owó pàtó lèmi ó mú.