Ẹní fífò àti géètì onítànṣán: ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀

Ọdún kan àbọ̀ rèé tí mo ti ń lo ẹní fífò (ẹní tí eléré ń fò lórí rẹ̀, tí iye rẹ̀ sì ń jáde lórí fóònù) àti géètì onítànṣán tó ń ka àkókò, fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní eré sísá. Kí n tó rà wọ́n, aago ọwọ́ tí mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ àti ojú lásán ni mo gbọ́kàn lé. Owó wọn kì í ṣe kékeré, ẹni tí kò bá sì mọ̀ wọ́n lò, irọ́ ni wọn yóò máa pa fún un. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi géètì bẹ̀rẹ̀. Òpó kéékèèké ni, méjì-méjì, ọ̀kan ní apá ọ̀tún ojú ọ̀nà, èkejì ní apá òsì. Ìtànṣán tí ojú kò lè rí ló wà láàárín wọn. Bí eléré bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ìtànṣán náà gé, aago sì bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń to tèmi sí ibi ìbẹ̀rẹ̀, sí mítà 10 àti sí mítà 30.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo tẹ aago ọwọ́ mi bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́, mo sì jẹ́ kí géètì ṣe tirẹ̀. Ọmọkùnrin kan sá mítà 30. Aago ọwọ́ sọ pé ìṣẹ́jú àáyá 3.98, géètì ní 4.17. Mo ní kó sinmi, kó tún un sá. Aago ọwọ́ di 4.09, géètì 4.18. Ọmọ ò yí padà, ọwọ́ mi ló ń yí. Bó bá ṣí, ojú mi ní láti kọ́kọ́ rí i kí àtàǹpàkò mi tó tẹ bọ́tìnnì, àmọ́ bó bá ń bọ̀ lópin, mo ti ń retí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aago ọwọ́ fi máa ń dín àkókò kù, tí wọ́n sì máa ń fi 0.24 kún un ní mítà 100 kí wọ́n tó fi wé ti ẹ̀rọ. Ẹni tó ń sá mítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 0.1 péré tí mo bá ṣì tẹ̀ ti tó sẹ̀ǹtímítà 80 lórí ilẹ̀. Ẹ wá rò ó wò, ọdún mélòó ni mo fi ń yin ọmọ tí kò yára sí i, tí mo ń bá èyí tó yára wí!

Àléébù géètì tèmi ni pé ìtànṣán kan ṣoṣo ló ní. Apá tí eléré jù síwájú lè gé e kí ara tó dé. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí ibi ìbàdí, ìyẹn dín ìṣòro náà kù, àmọ́ kò tán. Bí agbára yín bá ká a, onítànṣán méjì ni kí ẹ rà, torí òun kì í ka nǹkan kan àfi tí méjèèjì bá gé pọ̀. Ẹ sì fi tépù sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ iwájú máa wà. Tèmi jẹ́ ìdajì mítà sẹ́yìn géètì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá dúró sẹ́yìn jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ń sáré bọ̀ kí aago tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi àkókò géètì wé ti ìdíje. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 9.58 tí Usain Bolt fi sá mítà 100 ní Berlin lọ́dún 2009, 0.146 ti lọ lẹ́yìn ìró ìbọn kó tó ṣí. Géètì kì í ka ìyẹn. Kò sì mọ atẹ́gùn: 12.06 tí Tobi Amusan fi sá mítà 100 onídènà ní àṣekágbá ìdíje àgbáyé lọ́dún 2022 kò wọ ìwé àkọsílẹ̀ àkókò tó yára jù lágbàáyé nítorí pé atẹ́gùn mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, 2.0 sì ni òpin. Èmi náà máa ń kọ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àkókò kọ̀ọ̀kan.

Ẹní ni mo fẹ́ràn jù. Kì í wọn bí èèyàn ṣe ga sókè tó. Àkókò tí ẹsẹ̀ fi wà lófuurufú ló ń kà, á wá fi í ṣírò gíga. Ìṣẹ́jú àáyá 0.50 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30.7, 0.54 jẹ́ 35.8. Àwọn ọmọ yára mọ̀ ọ́n! Ọ̀kan nínú wọn fò, ó ká orúnkún mọ́ra kó tó balẹ̀, ó sì fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún gbéra lójijì. Inú rẹ̀ dùn gan-an, mo sì ní láti sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ló pẹ́ kó tó kan ẹní. Láti ìgbà náà, ọwọ́ á wà ní ìbàdí, orúnkún á nà, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún gbé àpótí sẹ̀ǹtímítà 30 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ọmọ sọ̀ kalẹ̀ láti orí rẹ̀, kó sì fò lójú ẹsẹ̀. Ẹní á sọ gíga, á sì sọ bí ẹsẹ̀ ṣe pẹ́ nílẹ̀ tó. Mo ní ọ̀kan tó fò sẹ̀ǹtímítà 34 àmọ́ tó lo ìṣẹ́jú àáyá 0.27 nílẹ̀, òmíràn fò 31, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì lò ju 0.18 lọ. Ẹ fi àkókò ilẹ̀ pín gíga ní mítà: ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1.26, ti èkejì 1.72. Èkejì yìí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀, ló ní ẹsẹ̀ asáré, ojú mi ò sì rí i ní gbogbo ìgbà tó ti ń bá wa ṣe é.

Gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kálukú ń fò. Ọmọbìnrin kan wà tí kì í kúrò ní 36 sí 37. Lọ́jọ́ kan, ó fò 32, ó fò 31, ó tún fò 32. Mo bi í bóyá nǹkan ń ṣe é, ó ní rárá. Nígbà tó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kò wo fóònù tó ń sọ iye, ojú mi ló ń wò. Mo yọ gbogbo eré àsápajúdé tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kúrò, mo ní kó rìn, kó na ara. Ká tó pa dà sílé ló sọ fún mi pé ìdánwò ti gba oorun òru mẹ́ta lójú òun. Aago ọwọ́ ì bá má sọ ìyẹn fún mi, ìtìjú ọmọ náà ò sì ní jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni áàpù orí fóònù tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣe. Kò ní ṣí èsì àtẹ̀yìnwá láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, pápá tí a sì ń lò kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí wọn, wọn ò tíì dáhùn. Ìwé àti bírò ni mo fi ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Ẹ má tẹ́ ẹní náà sórí koríko o, ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú ló ń fẹ́.

Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré lẹ lè rà, ẹní ni kí ẹ rà. Bí ìyẹn náà ò bá sí, fóònù tó lè ya fídíò 240 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀: ẹ ka àwòrán láti ìgbà tí ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀ títí tó fi balẹ̀, kí ẹ fi 240 pín in, àkókò òfuurufú nìyẹn. Ẹ fi àkókò náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 9.81 sọ èyí tó jáde di púpọ̀, ẹ fi 8 pín in. Gíga rẹ̀ ní mítà ló máa jáde.