Ẹgbẹ̀rún méjì náírà owó ẹní

Ká ní wọn ò gba owó ẹní lọ́wọ́ mi ni, mi ò bá má kọ nǹkan kan.

Ọdún 16 rèé tí mo ti ń fọn fèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orin ìdúpẹ́ kì í tíì dé ẹsẹ kẹta tí òòyì á ti máa kọ́ mi, tí ọrùn mi á wú. Ìyàwó mi ló gbọ́ nípa ilé ẹ̀kọ́ kan ní Súrùlérè tó ń kọ́ akọrin àti afọnfèrè bí wọ́n ṣe ń mí. Sátidé mẹ́jọ, ₦40,000. Mo san án lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, a ò rí tísà tá a torí ẹ̀ sanwó. Ọmọkùnrin kan ni wọ́n rán sí wa, ó ní ká máa fi dáyáfíráàmù ti afẹ́fẹ́ jáde. Gbogbo wa wá ń ti ohun tá ò mọ ibi tó wà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Tísà fúnra wọn dé, bàbá àgbàlagbà tó ti fọn fèrè rí ní báńdì ọlọ́pàá, wọ́n sì tú gbogbo ẹ̀ ká lójú ọmọ náà. Dáyáfíráàmù yẹn, iṣan tó rí bí igbá tá a dojú ẹ̀ dé láàárín àyà àti ikùn, fífà ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró á ráyè fẹ̀. Iṣan ikùn àti ti ìhà ló ń tì í jáde. Wọ́n wá kọjú sí mi: "Ìwọ, ṣé èjìká lo fi ń mí ni?"

Sátidé kẹta ni ti pure water. Mo nà gbalaja sórí ẹní, wọ́n gbé ọ̀kan lé mi níkùn. Tí mo bá mí sínú, kó gòkè. Tí mo bá ń ṣe "ssss," kó máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 14 péré ni agbára mi mọ. Wọ́n gbé ìkejì lé e. Wọ́n ń gbé ìkẹta lé e lọ́wọ́ nígbà tí àwọn obìnrin kọ́áyà kan pa mí lẹ́rìn-ín, ni pure water bá yọ̀, ó bẹ́. Omi wọ ẹní, ó wọ ṣòkòtò, ó wọ àpótí fèrè mi.

Mo ń jáde lọ ni akọ̀wé pè mí. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, owó ẹní." Owó ẹní wo? Ó ní ₦2,000, torí ẹní ti rin. Mo ní àǹtí mi, omi ni, kì í ṣe epo pupa, ẹ sá a sóòrùn. Ó ní ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá dà? Ọ̀gá ò sí ńlé. Ó dáa, ẹ fún mi ní rìsíìtì. Rìsíìtì ti tán. Kò pariwo, kò sì gbójú kúrò lára fóònù ẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 la fi fà á kí n tó sanwó náà. Nígbà tí mo tún máa débẹ̀, ẹní yẹn gan-an, tó ti gbẹ táútáú, ni wọ́n tẹ́ fún mi.

Mo ti ní mi ò padà lọ mọ́ o. Tísà ló pè mí. Wọn ò dárúkọ owó rárá. "Ìṣẹ́jú àáyá mélòó lo ṣe lánàá? Ṣe é kí n gbọ́." Inú dánfó ni mo wà. Mo ṣe "ssss" títí kọ̀ńdọ́ fi bojú wẹ̀yìn.

Tísà ní omi inú ọ̀rá pure water kan, ìdajì lítà, ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí afẹ́fẹ́ tí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí lẹ́ẹ̀kan. Ti orin ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kì í ṣe ká máa kì í mọ́nú bí ẹni ń ki gààrí sápò. Bó ṣe ń jáde ni iṣẹ́ wà. Mo jiyàn nípa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi tó ń fẹ̀, mo ní ti Dizzy Gillespie, afọnfèrè jazz ará Amẹ́ríkà yẹn, ńkọ́? Wọ́n ní tí mo bá ti di Dizzy Gillespie, kí n máa fẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní àwọn Hausa tó ń fọn fèrè algaita náà ń fẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n nídìí: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú afẹ́fẹ́ sí, òun ló ń fọn fèrè nígbà tí imú ń fa òmíràn.

Kò dáa bí wọ́n ṣe kó àwa àti akọrin pọ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Ètè ló ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ fún èmi, ọ̀nà ọ̀fun ló ń ṣọ́ ọ fún wọn. Ìdajì àsìkò la fi ń dúró de ara wa.

Ọjọ́ Ìkórè, orin ìdúpẹ́ dé ẹsẹ kẹfà. Èjìká mi ò mira. Òòyì ò kọ́ mi. Ọ̀gá tó ń tẹ dùùrù yíjú wò mí lẹ́ẹ̀mejì. "Ssss" mi ti di ìṣẹ́jú àáyá 37.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, wọn ò sì ní rí ìkẹta títí wọ́n á fi dá ₦2,000 mi padà. Ọmọbìnrin mi tó ń kọ sọ́pránò máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Mo ti sanwó ẹ̀, mo sì ti ra ẹní tiẹ̀ fún un.