Àyẹ̀wò Ìlera Ṣáájú Ìgbéyàwó: Ohun Tí Owó Wa Rà

Ilé ìwòsàn tí èmi àti àfẹ́sọ́nà mi lọ fún àyẹ̀wò ìlera ṣáájú ìgbéyàwó pín iṣẹ́ náà sí apá méjì. Wọ́n á kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èsì bá sì jáde, àwọn méjèèjì tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ara wọn yóò jókòó pẹ̀lú agbaninímọ̀ràn tí ó mọ̀ nípa àrùn àjogúnbá. Apá àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn sanwó fún, èyí kejì sì dà bí èènì lójú wọn, ohun tí ènìyàn lè gbà tàbí kí ó fi sílẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti la méjèèjì kọjá, èmi rí i pé ìjókòó yẹn gan-an ni ọjà, ìwé èsì ni èènì. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn bí mo ṣe ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, mi ò sì ní dárúkọ wọn, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn kan tí ó lágbára sí wọn pẹ̀lú.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan apá ẹnikẹ́ni, wọ́n fún wa ní ìwé ìbéèrè tí ó gùn. Ìran mẹ́ta ni wọ́n bèèrè nípa rẹ̀: ta ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ni ó ní àtọ̀gbẹ, ta ni ó kú ní kékeré, ta ni oyún ń bàjẹ́ mọ́ lára, ǹjẹ́ àwa méjèèjì bá ara wa tan. Wọ́n tún bèèrè oògùn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ń lò lójoojúmọ́. Ìbéèrè oògùn yìí ni mo gbóríyìn fún jù, nítorí pé àwọn oògùn kan wà tí ó ń ṣe ẹni tí ó ń lò ó lóore ṣùgbọ́n tí ó lè ba ọmọ inú oyún jẹ́. Valproate tí wọ́n fi ń tọ́jú wárápá jẹ́ ọ̀kan. Isotretinoin tí wọ́n fi ń tọ́jú irorẹ́ líle jẹ́ òmíràn. Ṣáájú oyún ni ó yẹ kí ènìyàn ti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa wọn, kì í ṣe kí ó dá a dúró fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yà ara ọmọ a ti máa dá kí ọ̀pọ̀ obìnrin tó mọ̀ pé àwọn ti lóyún. Ìdí kan náà ni wọ́n fi sọ fún mi pé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í lo folic acid, máíkrógíráàmù 400 lóòjọ́, ṣáájú oyún, kí n má sì dá a dúró títí oyún yóò fi pé ọ̀sẹ̀ 12, kí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ lè dá bí ó ṣe yẹ.

Nọ́ọ̀sì tí ó gba ẹ̀jẹ̀ wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Kò pe orúkọ mi kí ó wá bi mí bóyá èmi ni. Ó ní kí n fẹnu ara mi sọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí mi, ó fi í wé ohun tí ó wà lórí fọ́ọ̀mù, ó fa ẹ̀jẹ̀ sínú àwọn ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí ọmọrí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ àlùkò fún genotype àti irú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àwọ̀ eérú fún ṣúgà, ó sì lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan níṣojú mi kí n tó dìde. Ẹni tí ó ń kánjú lè pe èyí ní àṣejù. Ṣùgbọ́n nínú àyẹ̀wò tí ènìyàn fẹ́ gbé ìpinnu ìgbéyàwó lé, kí ìgò ẹni méjì ṣèèṣì pààrọ̀ orúkọ léwu ju kí ẹ̀rọ bàjẹ́ lọ, nítorí pé bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, a máa ń tètè mọ̀.

Ibi tí n kò ti gba tiwọn ni bí wọ́n ṣe to àyẹ̀wò náà sí ìpele ìpele tí owó rẹ̀ ń ga sí i. Ìpele àkọ́kọ́ kó ohun tí ó pọn dandan pọ̀: genotype, irú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú Rhesus (bóyá ó jẹ́ positive tàbí negative), HIV, àrùn mẹ́dọ̀wú B àti C, sífílíìsì, ṣúgà àti ìfúnpá. Ìpele tí ó wọ́n jù fi àyẹ̀wò omi ìsúnniṣe (hormone) kún un, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní AMH, akọ̀wé tí ó gbà wá lálejò sì sọ pé òun ni yóò jẹ́ kí a mọ̀ bóyá a óò tètè bímọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. AMH wúlò fún dókítà tí ó fẹ́ mọ bí ẹyin obìnrin yóò ṣe dáhùn sí oògùn ìrànlọ́wọ́ ìbímọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún obìnrin tí kò tíì gbìyànjú rí bóyá yóò lóyún fúnra rẹ̀. Àyẹ̀wò àtọ̀ ọkùnrin ní ìwúlò tirẹ̀, bí wọ́n bá ṣe é bí ó ti yẹ: kí ọkùnrin ti yẹra fún ìbálòpọ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje, kí wọ́n má sì torí èsì kan ṣoṣo tí kò dára dájọ́, nítorí pé ó ń gba nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta kí àtọ̀ tuntun tó gbó. Ẹ̀rù ni wọ́n fi ń ta ìpele tí ó wọ́n yẹn. A mú ti àkọ́kọ́, a sì fi àyẹ̀wò rubella, àrùn kan tí ó lè ba ọmọ inú oyún jẹ́, kún un fún èmi, èyí tí ó yẹ kí wọ́n ti fi síbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé obìnrin tí ara rẹ̀ kò bá ní ààbò sí i gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí ó sì dúró fún oṣù kan ó kéré tán kí ó tó lóyún.

Lórí genotype, ìwé èsì sọ pé AS ni mí, AA sì ni àfẹ́sọ́nà mi. Ohun tí kò sọ ni ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀, àléébù gidi sì ni èyí jẹ́. Àyẹ̀wò wàràwàrà kan wà tí wọ́n ti ń po ẹ̀jẹ̀ mọ́ kẹ́míkà láti wò ó bóyá omi náà yóò rú tàbí yóò mọ́ gaara. Gbogbo ohun tí ìyẹn lè sọ ni pé S wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà tàbí kò sí. Kò lè ya AS sọ́tọ̀ kúrò lára SS, kò sì lè rí C, oríṣi mìíràn tí ènìyàn lè jogún, rárá, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó jẹ́ AC lè jáde níbẹ̀ kí ó máa pe ara rẹ̀ ní AA. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá fẹ́ AS, wọ́n lè bí ọmọ SC, àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde sì ni SC náà. Àyẹ̀wò tí ó ṣeé gbára lé ni electrophoresis tàbí HPLC, èyí tí ó máa ń ya oríṣi hemoglobin (èròjà tí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa) kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀, tí ó sì lè wọn ìwọ̀n oríṣi tí wọ́n ń pè ní A2 kí a lè mọ̀ bóyá ẹni tí ó dà bí AA ń gbé thalassemia, àrùn ẹ̀jẹ̀ àjogúnbá mìíràn, kiri. Ẹnikẹ́ni kò sì béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a ti gba ẹ̀jẹ̀ sára láìpẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ń gbé nǹkan bí 120 ọjọ́, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sì lè bo ti ẹni mọ́lẹ̀ nínú èsì ní gbogbo àsìkò yẹn. Èmi ni mo béèrè ọ̀nà tí wọ́n lò. HPLC ni. Ó yẹ kí ó ti wà lórí ìwé.

Ọ̀rọ̀ wá dùn nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ agbaninímọ̀ràn. Èsì wa kò léwu, mo sì rò pé yóò kàn kí wa kú oríire ni, kí ó ní kí a máa lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú ìwé pélébé, ó kọ A méjì sábẹ́ orúkọ àfẹ́sọ́nà mi, ó kọ A kan àti S kan sábẹ́ orúkọ mi, ó sì ní kí àwa fúnra wa fi ìlà so wọ́n pọ̀ ní gbogbo ọ̀nà tí ó ṣeé ṣe. Ibẹ̀ ni a ti rí i pé ìdajì ni ìṣeéṣe pé ọmọ wa kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ AS, ó sì sọ pé ara ojúṣe wa ni kí ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ kí ó tó dàgbà tó ẹni tí ń fẹ́ra. Lẹ́yìn náà ni ó pa orúkọ wa rẹ́, ó yí i sí AS àti AS, ó sì ní kí á tún un ṣe. Ìdá kan nínú mẹ́rin ni SS. Ó wá bi wá pé bí tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá ti bí ọmọ SS kan, ǹjẹ́ àwọn mẹ́ta tí ó kù ti bọ́? Àfẹ́sọ́nà mi dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Oyún kì í wo ẹ̀yìn ka iye tí ó ti kọjá, ìdá kan nínú mẹ́rin náà ni yóò tún jẹ́ nínú èyí tí ń bọ̀, àti nínú èyí tí yóò tẹ̀lé e.” Mo mọ àwọn ènìyàn tí wọ́n kàwé dáadáa tí wọn kò mọ èyí.

Ó ṣàlàyé ohun tí ó wà níwájú àwọn tí AS bá pàdé AS láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni: kí wọ́n pínyà, kí wọ́n fẹ́ra kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò oyún, yálà láti ara ibi ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14 tàbí láti inú omi tí ó yí ọmọ ká láti ọ̀sẹ̀ 15, kí wọ́n lo ìmọ̀ ìbímọ tí a ti ń yẹ ọlẹ̀ wò kí a tó gbé e sínú ilé ọmọ, kí wọ́n gba ọmọ tọ́, tàbí kí wọ́n bímọ kí wọ́n sì múra sílẹ̀ láti tọ́jú ọmọ tí ó bá wá pẹ̀lú àrùn náà. Kò sọ èyí tí ó dára jù. Nígbà tí mo bi í bóyá kò yẹ kí òfin kàn dí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ó ní Saudi Arabia sọ àyẹ̀wò náà di dandan ní ọdún 2004, síbẹ̀ èsì rẹ̀ kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti fẹ́ ẹni tí ó wù ú. Iṣẹ́ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, ni kí ẹni tí yóò pinnu má ṣe pinnu nínú òkùnkùn.

Rhesus ni ó kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. O negative ni èmi, O positive ni àfẹ́sọ́nà mi, mo sì ti ń gbọ́ tẹ́lẹ̀ pé irú àwa kò gbọdọ̀ fẹ́ra. Ó ní ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Bí ọmọ bá gbé positive bàbá rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì kan tèmi, ara mi lè kọ́ bí yóò ṣe gbógun ti ẹ̀jẹ̀ positive. Ọmọ àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́, àwọn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó máa ń kó sí wàhálà. Abẹ́rẹ́ anti-D ni a fi ń dènà rẹ̀: ọ̀kan ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 28, òmíràn láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ bí ọmọ bá jẹ́ positive, a sì gbọ́dọ̀ rántí rẹ̀ bí oyún bá bàjẹ́ pẹ̀lú. Ó kọ ọ́ sí ìwé kékeré kan pé kí n máa fi han ilé ìwòsàn èyíkéyìí tí mo bá ti lóyún.

Lórí àwọn àrùn tí ń ranni, kò fi ṣe ọ̀rọ̀ ìwà. Ó ní èsì HIV tí ó mọ́ lónìí kò sọ̀rọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá: àyẹ̀wò ìran kẹrin tí wọ́n ń ṣe nínú lábù lè nílò tó ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí àrùn wọlé kí ó tó rí i, tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò wàràwàrà sì lè tó 90. Ẹni tí ó ní HIV, tí ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé títí kòkòrò náà kò fi hàn mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kì í kó o ran ẹnìkejì rẹ̀ nípasẹ̀ ìbálòpọ̀. Mẹ́dọ̀wú C ń gbọ́ oògùn pátápátá. Àfẹ́sọ́nà mi kò ní mẹ́dọ̀wú B, ṣùgbọ́n kò ní ààbò sí i, nítorí náà wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà.

Ẹ̀sùn mi wá nìyí. Agbaninímọ̀ràn náà kọ́kọ́ rí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa lọ́tọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì gba àṣẹ lẹ́nu wa kí ó tó ka èsì wa sí ara wa létí. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ó tó di pé a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ́fíìsì wọn ti fi èsì àwa méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀ sórí fóònù kan ṣoṣo, fóònù tèmi, nítorí pé nọ́ńbà mi ni a fi forúkọ sílẹ̀. Mo ti mọ èsì HIV ẹlòmíràn kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ó bọ́ sí i pé ohun ìbẹ̀rù kò sí níbẹ̀. Ká ní ó wà ńkọ́? Nígbà tí mo fi ẹjọ́ sùn, wọ́n ní bí kọ̀ǹpútà àwọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, òun ni ó sì mú kí n yọ kúrò nínú ìyìn tí ǹ bá fún wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo irú iṣẹ́ yìí níbikíbi, kí ó fi nọ́ńbà tirẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó sì sọ ní kedere pé àwọn kò gbọdọ̀ fi èsì ránṣẹ́ kí òun tó dé ọ̀dọ̀ agbaninímọ̀ràn.

Ní ti àkókò, èmi yóò ní kí ènìyàn lọ ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán ṣáájú ìgbéyàwó, kí abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B lè parí, kí àyè sì wà láti tún àyẹ̀wò tí ó bá rúni lójú ṣe ní ibòmíràn. Kí ó kó àwọn ìwé èsì rẹ̀ àtijọ́ dání, àti orúkọ gbogbo oògùn tí ó ń lò. Kí ó sì béèrè kí ó tó sanwó bóyá owó náà kan abẹ́rẹ́ ìkẹyìn àti ìjókòó kejì pẹ̀lú agbaninímọ̀ràn. Níbi tí a lọ, ó kan ìjókòó kejì, abẹ́rẹ́ nìkan ni a sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀.