Ibo ló dáa ká kó fáìlì ẹgbẹ́ sí? WhatsApp, Drive, Proton àbí CryptPad

Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́, ẹ̀yin tí gbogbo èèyàn ń fi NIN, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù àti nọ́ńbà akáǹtì ránṣẹ́ sí, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kọ́púrétíìfù tiwa ò pọ̀, àwọn kan ń bẹ n'Íbàdàn, àwọn kan l'Ékòó, ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní London, Màmá akápò sì rèé, fóònù tí mẹ́mọ́rì ẹ̀ ti kún ni wọ́n ń lò, wọn ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ápù tuntun kankan. Ohun tá à ń wá ò ju ibi tí fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù àti mínítì ìpàdé máa wà, tí ẹni tí ò kàn ò ní rí i. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ wò ó. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: ta ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí fáìlì wà lọ́wọ́ ẹ̀?

WhatsApp ná. Gbogbo wa ti wà níbẹ̀, ibi tó ti borí àwọn tó kù nìyẹn. Láti 2016 ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti wà ní títì láti fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́ dé fóònù ẹni tó gbà á, Meta tó ni ín gan-an ò lè kà á, fáìlì tó tó 2GB sì ń gbabẹ̀ kọjá. Bákàọ́ọ̀pù, ìyẹn ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín tí WhatsApp ń kó pamọ́, nìṣòro. Èyí tó ń lọ sórí Google Drive tàbí iCloud, kò sí títì yẹn lára ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín lọ tan án nínú Settings, 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún un, ẹ wá wò ó bóyá ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ yín mọ̀ pé ó wà. Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé fáìlì tó bá ti wọ gúrúùpù ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn nìyẹn, ẹ lè yọ ọmọ ẹgbẹ́ kan kúrò ní gúrúùpù o, ẹ ò lè yọ NIN àwọn tó kù kúrò nínú gálárì ẹ̀, ó sì lè gbé fóònù yẹn lọ tà ní Computer Village lọ́la láì pa nǹkan kan rẹ́. Ká má tíì sọ ti àwọn gbájúẹ̀ tó ń pè pé "ẹ jọ̀ọ́, kóòdù mi kan ṣèèṣì wọ fóònù yín", nọ́ńbà mẹ́fà yẹn ni wọ́n fi ń gba akáǹtì mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ lọ tan two-step verification, ìyẹn PIN tẹ́ ẹ máa fúnra yín yàn, kẹ́ ẹ tó ka èyí tó kù.

Ẹnì kan ní ká lọ Telegram torí pé òun ló láàbò jù. Rárá o. Gúrúùpù Telegram kì í ṣe end-to-end, ìyẹn títì láti fóònù dé fóònù bíi ti WhatsApp, Secret Chat nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, ti èèyàn méjì péré sì nìyẹn. Signal ló láàbò: àjọ tí kì í wá èrè ló ni ín, Brian Acton tó wà lára àwọn tó dá WhatsApp sílẹ̀ ló kó 50 mílíọ̀nù dọ́là kalẹ̀ fún un ní 2018, láti 2024 ẹ tiẹ̀ lè fi nọ́ńbà yín pamọ́ kẹ́ ẹ lo username. Àmọ́ Màmá akápò ò sí níbẹ̀, wọn ò sì ní débẹ̀.

Google Drive wá ńkọ́? Ó rọrùn, mi ò ní purọ́. 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gmail àti fọ́tò yín náà ń jẹ nínú ẹ̀, gbogbo yín lè jọ wà nínú Sheets kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó wà ní London ń kọ, ẹni tó wà n'Íbàdàn ń rí i. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Google fúnra ẹ̀ ṣá, wọ́n ń ti fáìlì pa lórí sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kó o sí, lóòótọ́, àmọ́ àwọn náà lè ṣí i. Ìyẹn ò tiẹ̀ bà mí lẹ́rù tó "Anyone with the link". Línkì yẹn ò mọ ojú ẹni, ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ á wọlé, ẹnì kan á fi ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀, ìyàwó á fi ránṣẹ́ sí àbúrò. Ẹ yí i sí Restricted kẹ́ ẹ fi ìmeèlì oníkálukú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wo ẹni tó ṣí fáìlì, torí òun ló ni ín, tó bá jẹ́ Gmail akọ̀wé ni gbogbo ìwé wà, tí ìjà ìbò ẹgbẹ́ wá dé, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, akọ̀wé tó bínú lọ ti gbé ìwé ẹgbẹ́ lọ nìyẹn. Ẹ ṣí Gmail kan lórúkọ ẹgbẹ́ jàre.

Proton Drive ló wù mí jù fún ìwé tó lágbára. Switzerland ni wọ́n wà, àwọn tó pàdé ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan níbẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìmeèlì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2014. Fáìlì ti wà ní títì kó tó kúrò lórí fóònù yín, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, Proton ò lè ṣí i. 5GB lọ́fẹ̀ẹ́ tó fún àwa o, tẹ́ ẹ bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó òkèèrè lẹ máa san, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún káàdì náírà.

CryptPad ti àwọn ará Faransé, tẹ́ ẹ ti lè jọ kọ ìwé nínú bráwúsà, háà, ọgbọ́n wà nínú ẹ̀! Kò béèrè ìmeèlì, kò béèrè nọ́ńbà fóònù, kọ́kọ́rọ́ wà nínú línkì fúnra ẹ̀, lẹ́yìn àmì # yẹn, bráwúsà kì í sì fi apá ibẹ̀ ránṣẹ́ sí sáfà wọn. Ìyẹn ni pé ẹni tó bá gba línkì gba kọ́kọ́rọ́, ẹ fi páswọ́ọ̀dù kún un. Ibi tó ti já mi kulẹ̀ ni sheet wọn, ó wúwo, lórí fóònù Màmá ńṣe ló ń yí tí ò ṣí, wọ́n ní "ẹ gbà, mi ò ṣe mọ́."

Ẹni tó bá fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ àti ilé jọ jẹ́ tiẹ̀, Nextcloud wà, ápù tẹ́ ẹ máa gbé sórí sáfà tiyín, àmọ́ sáfà tẹ́ ẹ gbé sílé nílò iná, èmi ò tíì rí iná tí màá fi tan fíríìjì.

Ohun tá a wá ṣe nìyí: ìjíròrò dúró sórí WhatsApp, àkọsílẹ̀ owó àti mínítì wà lórí Google Sheets ti ẹgbẹ́, Restricted, torí Màmá akápò ló ń lò ó. NIN àti fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lọ sórí Proton, alága, akọ̀wé àti akápò nìkan ló rí i, àwa méjì tó mọ̀ ọ́n lò ń ṣí i fún Màmá. Ẹ̀yáwó tí wọ́n bá san tán, a ń pa NIN ẹ̀ rẹ́, torí òfin Nàìjíríà lórí ìsọfúnni ara ẹni, Data Protection Act 2023, ò ní kí ẹnikẹ́ni tọ́jú ohun tí ò nílò mọ́. Recovery phrase ti Proton, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ń gba fáìlì yín padà, torí tẹ́ ẹ bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù tí ọ̀nà ìgbàpadà kankan ò sì sí, fáìlì ti lọ nìyẹn, a kọ ọ́ sórí bébà, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ alága, ìkejì wà nínú àpótí tí Màmá ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí.